Ìbọn Tí Wọ́n Fi Apá Garland Wọ̀n

Inú oṣù kẹjọ ni, oòrùn ń yọ́ ọ̀dà ojú títì, síbẹ̀ Orlena ká kóòtù òtútù rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sì wọ inú ọkọ̀ jókòó sídìí ìwakọ̀. Delmer bàbá rẹ̀ ti wà níjòókòó kejì. Ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ kékeré tí ó ń fi mí sáàárín ẹsẹ̀, ó sì di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà.

"Kí lo fẹ́ fi kóòtù ṣe?"

"Atẹ́gùn inú ọkọ̀ yìí máa ń mú mi, Bàbá."

"Ẹ̀rọ atẹ́gùn ọkọ̀ yìí ti kú láti ìgbà tí ìyá rẹ wà láyé."

Orlena ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà àfonífojì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn Hobart.

Kò sí ẹni tó dàgbà lórí àwọn òkè yẹn tí kò mọ ìdí tí èèyàn fi ń gbé kóòtù lọ ra ìbọn nínú ooru. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín, nínú yìnyín, nínú kóòtù tó nípọn bí ìbùsùn. Ẹni tó bá fi ṣẹ́ẹ̀tì nìkan wọn ìbọn, tó bá di ọjọ́ ọdẹ, ìdí ìbọn yóò há sí i lábẹ́ apá, ẹran á sì lọ. Nítorí náà, bí bàbá bá fẹ́ ra ìbọn fún ọmọ, á ní, "Wọ kóòtù rẹ, ká wò ó." Orlena ti kọjá ogójì ọdún. Kò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu Delmer rí, ó sì rò pé lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, òun yóò gbọ́ ọ.

Ọ̀pá ọwọ́ Delmer, ìwọ̀n apá Garland ni. Garland ni àbúrò Orlena, ọmọkùnrin kan ṣoṣo, tó ń ta odò ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn olówó ní ìlú Charlotte, tí kì í wálé ju ìgbà Kérésìmesì àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdẹ lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ Kérésì tó kọjá ni Delmer ní kó na apá, tó gé igi híkọ́rì láti kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀ dé orí ìka tó ń fa ìbọn. Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lọ́rùn Garland lọ́jọ́ náà. Iná ń jó nínú ilé.

Ìbọn tiwọn ti bómi lọ. Nígbà tí odò kún ní oṣù karùn-ún, yàrá ìsàlẹ̀ ni Delmer ń sùn, nítorí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ibẹ̀ náà ni àpótí ìbọn wà. Omi ti dé orúnkún Orlena kó tó sáré débẹ̀. Delmer ń pariwo pé, "Ìbọn ni kó o kọ́kọ́ kó! Ìbọn!" Orlena gbé bàbá rẹ̀ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ ní kíṣìnì ni ògiri ẹ̀yìn ya, tí omi wọ́ àpótí ìbọn jáde sínú òkùnkùn. Láti ọjọ́ yẹn, bí àlejò bá wọlé kí wọn kú ewu, Delmer á ní, "Ọmọbìnrin mi fi ìbọn mi sílẹ̀ fún odò." Kì í sọ ohun tó gbé dípò rẹ̀.

Ohun tí kò sì mọ̀, tàbí tó mọ̀ tí kò kà sí, ni pé ìbọn ìyá Orlena wà nínú àpótí yẹn. Bàbá ìyá rẹ̀ ló fi ayùn rẹ́ ìdí rẹ̀ kúrú kó lè bá ìyá náà lára nígbà tó wà lọ́mọge. Ìbọn yẹn ni Orlena fi ń bọ́ ilé láti ìgbà tí èémí Delmer ti ń kúrú. Òun náà ló fi ń gba itan ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dọọdún níbi ìdíje ìbọn yíyìn àwọn panápaná. Kò tíì sunkún rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni.

Hobart wà lẹ́yìn káńtà, ó ń jẹ tábà.

"Delmer! O ò tíì kú?"

"Ìwọ ni mò ń dúró dè, kí n má baà dá nìkan lọ."

"Mo ṣì ní ọjà tí n ó tà o. Kí ni mo lè ṣe fún ọ?"

"Mẹ́ta ni mo fẹ́. Ọ̀kan fún àgbọ̀nrín. Ọ̀kan ọlọ́ta wẹ́wẹ́ fún ẹyẹ àti ìdíje. Ọ̀kan ìléwọ́ fún ilé."

"Mẹ́ta tó fún ilé kan," ni Hobart wí. "Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ìkẹrin, ìyàwó ẹ̀ ló fẹ́ bí nínú. Ta ló máa máa lò ó?"

"Garland."

"Garland ti Charlotte?" Hobart tu tábà sínú agolo. "Ṣé láti Charlotte ló ti máa máa yin ìbọn ìléwọ́ lu olè tó bá wá bá yín níbí?"

Àwọn ọkùnrin méjì tó ń wo bàtà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Orlena náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Delmer kò rẹ́rìn-ín.

"Mo ní Garland. Ọ̀pá rẹ̀ nìyí."

Hobart gba ọ̀pá, ó wò ó. Ó wo kóòtù abẹ́ apá Orlena. Ó wo ojú Orlena.

"Kóòtù yẹn ńkọ́, Orlena?"

"Òtútù ọkọ̀ ló ń mú un," Delmer dá a lóhùn.

"Òtútù," ni Hobart wí. Ó yí padà síbi tí ìbọn tò sí, ó mú ọ̀kan ọlọ́ta wẹ́wẹ́ wá, ó sì nà án sí Orlena láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "Gbé èyí sójú fún mi."

Orlena gbé e. Kò tún ọrùn ṣe, kò tún apá nà. Ìbọn náà kàn bọ́ sí èjìká rẹ̀, igi rẹ̀ sì fara ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti sùn síbẹ̀ rí. Ó di ojú kan. Fún ìṣẹ́jú yẹn, ó dà bí ìgbà tí odò kò kún rí.

"Ẹ wò ó," ni Hobart wí jẹ́jẹ́.

"Ti ọmọdé nìyẹn," Delmer wí. "N ò ra ìbọn ọmọdé."

"Ti ọmọdé kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ti ẹni tí apá ẹ̀ ò gùn ni."

"Gbé èyí tó bá ọ̀pá mu wá."

Orlena gbé ìbọn náà kalẹ̀ sórí káńtà. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, òun kò ní sọ ọ́ mọ́. "Bàbá, Garland á wọ kóòtù lọ́jọ́ ọdẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì lẹ fi wọn ọ̀pá yẹn. Á gùn jù."

Delmer yí orí padà díẹ̀díẹ̀, okùn afẹ́fẹ́ imú rẹ̀ sì bá a yí. "Hobart, ṣé o gbọ́? Ẹni tó kó ìbọn mi fún odò fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra òmíràn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà bí ẹni pé àkọsílẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀. Hobart gbé mẹ́ta tó bá ọ̀pá mu wá, Orlena sì kó wọn lọ sínú ọkọ̀. Nígbà tó padà wá gbé kóòtù rẹ̀, Hobart ti ká a fún un dáadáa, ó sì fi ọwọ́ lé e. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ló wí. Orlena bínú sí i nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ká ní Hobart kò bá a kẹ́dùn ni, ọ̀nà ilé ì bá má gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìbọn ìléwọ́ náà nípọn ní ìdìmú débi pé ìka Orlena kò kan ibi tí wọ́n ń fà àfi tó bá yí ọwọ́ pò. Delmer fi sínú dùráwà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní ọsibítù nínú oṣù kẹsàn-án, tí àwọn olè kan wá ń tú wáyà bàbà nílé aládùúgbò tí odò lé jáde, ṣọ́bìrì ni Orlena gbé dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi lọ.

Ìdíje àwọn panápaná bọ́ sí ìparí oṣù kẹwàá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń yin ọta kan sí bébà tirẹ̀. Ẹni tí ọta wẹ́wẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ àmì àárín jù lọ, tirẹ̀ ni itan ẹlẹ́dẹ̀. Delmer jókòó nínú ọkọ̀, ó ṣí fèrèsé. Orlena gbé ìbọn gígùn yẹn, ó na ọrùn tẹ̀lé e bí ẹni tó ń yọjú lórí ògiri. Ìbọn náà gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, bébà rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà.

"Há! Orlena!" Obìnrin kan tó ń se ẹ̀wà kígbe láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. "Ta ló jí ojú ẹ gbé?"

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn náà jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún yìí," ni ẹlòmíràn wí. "Ìgbà tó ti ń jẹ ẹ́, kò sú u?"

Orlena bá wọn rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó wọ ọkọ̀, Delmer wò ó. "Ìbọn dáadáa ni," ló wí. "Ẹni tó yìn ín ni."

Garland dé lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọdẹ, kóòtù tuntun wà lọ́rùn rẹ̀, tó wú bí ìrọ̀rí.

"Bàbá mi! Ara yín ti le, ẹ tún sanra!"

"Irọ́ ni, ṣùgbọ́n máa pa á lọ," ni Delmer wí. Orlena kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò.

"Àǹtí Orlena, kí lẹ sè? Ebi ń pa mí kú lọ."

"Ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo."

"Ẹ̀wà kẹ̀! Ẹran ọdún tó kọjá dà?"

"Fírísà bómi lọ."

"Yéè. Mo ti gbàgbé odò yẹn." Ó sì jókòó.

Lára ògiri kíṣìnì, lókè ibi tí omi kò dé, ni aṣọ wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n kàn mọ́ igi. Ẹni tó bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí kò bà á, wọn á gé etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kàn síbẹ̀, wọn á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Ti Delmer wà níbẹ̀, ti ìyá wọn wà níbẹ̀. Ti Garland tó mẹ́rin. Ti Orlena kò sí níbẹ̀. Kò fọ́nnu nítorí rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bó bá ń fọ abọ́, ògiri yẹn ló máa ń kọjú sí.

Ìbọn àgbọ̀nrín kan ló wà nílé, nítorí náà Orlena kàn tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ láti fọ̀nà hàn án ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti jókòó sábẹ́ igi óákù kan lókè, yìnyín wà nílẹ̀, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn àwọn ọdẹ wà lọ́rùn àwọn méjèèjì. Garland ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́, ó ń wo fóònù.

"Garland," Orlena sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bọ́ kóòtù yẹn kúrò lápá ọ̀tún. Ìbọn náà gùn jù."

"Kí òtútù pa mí? Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi. Bàbá wọ̀n ọ́n."

Akọ àgbọ̀nrín náà jáde láàárín igi bí ẹni pé ilẹ̀ ló hù ú. Ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Òun ni Delmer ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Garland gbé ìbọn. Ìdí ìbọn há sínú wíwú kóòtù lábẹ́ apá rẹ̀. Ó fà á, ó tún fà á, aṣọ ń pariwo, ẹran náà gbé orí sókè, ó yí padà. Nígbà tí ìbọn máa fi dé èjìká, gìrìgìrì ló yìn ín. Orlena rí i tí ẹran náà ká kò kó tó sáré. Ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ikùn.

"Mo bà á!" Garland fò sókè. "Ẹ rí i? Mo bà á!"

"O bà á níkùn. Ó yá, ká tọ̀ ọ́."

Wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ náà wọ inú ẹ̀gún. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ni, ó ń rùn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò tí yìnyín bò, Garland dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù.

"Ó ti lọ jìnnà. Á kú síbòmíì, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ jẹun."

"A kì í fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ máa tọ̀ ọ́ nígbà náà. Ẹ gba ìbọn." Ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì yí padà sílé.

Garland kò tíì rìn jìnnà nígbà tí Orlena rí ẹran náà. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ àpáta, orí rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń wò ó. Orlena gbé ìbọn, ìdí rẹ̀ há sábẹ́ apá òun náà. Ó gbé ìbọn kalẹ̀. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi lélẹ̀ sórí yìnyín, ó sì fi bùláúsì nìkan dúró nínú òtútù yẹn, ó na apá dé ibi tí apá lè nà dé. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ó tán.

Ó tú ìfun rẹ̀ níbẹ̀, ó fi okùn wọ́ ọ dé ẹ̀yìn ilé. Ara rẹ̀ ń gbóná nítorí wíwọ́ ẹran náà, nítorí náà kò tún kóòtù wọ̀. Ó fi kọ́ apá, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnì wọlé. Delmer àti Garland jókòó sídìí tábìlì, bísíkíìtì àti ọbẹ̀ funfun tó ti sè sílẹ̀ láàárọ̀ wà níwájú wọn. Sísọ́ọ̀sì ìyá wọn wà ní ọwọ́ Delmer.

"Súnmọ́ ìhín," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Kí ló dé?"

"Garland ti sọ fún mi. Ó fún ọ ní ìbọn kọ́kọ́ yìn, o tàsé, òun ló wá gbà á tó yìn ín. Mo gbọ́ ìró ìbọn méjèèjì láti ibí."

Orlena wo àbúrò rẹ̀. Garland ń fi bísíkíìtì nu àwo rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ọbẹ̀ kò sí nínú àwo yẹn mọ́.

"Garland."

"Eré ni, Àǹtí mi," ló wí láì gbójú sókè. "Gbogbo wa la wà lára ògiri. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yin náà ti yẹ kí ẹ débẹ̀."

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ojú bàbá náà ń dán bí ti ẹni tí wọ́n dá nǹkan padà fún: akọ àgbọ̀nrín ìwo-kan, ọmọkùnrin rẹ̀, ìbọn tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Orlena dúró. Delmer fa etí bùláúsì rẹ̀ jáde, ó gé e, èémí rẹ̀ ń dún fín-ín-fín-ín. Garland ló bá a kàn án mọ́ ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, Garland padà sí Charlotte. Ó gbé ìwo lọ, ó gbé ẹran ẹ̀yìn tó rọ̀ jù lọ. Ó fi ìbọn sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yí igun, Orlena sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ tí ògiri tuntun rẹ̀ kò tíì ní ọ̀dà. Ó wọ kóòtù, ó fi ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ó fi pẹ́ńsùlù fàlà síbi tó yẹ kó mọ. Ó di igi náà mọ́ tábìlì, ó sì fi ayùn rẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó fi bébà ìyanrìn dán an, ó fi òróró pa á. Lẹ́yìn náà ló gbé ègé igi tó já bọ́, ó mú ìṣó, ó gun òkè lọ sí kíṣìnì.

Nígbà tí Delmer jókòó sídìí oúnjẹ, ó rí i. Ègé igi, tó nípọn tó ìka méjì, wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ Orlena.

"Kí nìyẹn?"

"Ìdí ìbọn àgbọ̀nrín ni."

"Ìbọn Garland?"

"Mo ti rẹ́ ẹ. Ó bá mi mu báyìí."

Delmer fa fóònù mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń gbé ohùn fóònù náà sókè nítorí etí rẹ̀, nítorí náà Orlena gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò.

"Garland, ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi ayùn ba ìbọn rẹ jẹ́."

"Ìbọn wo?"

"Ìbọn rẹ! Èyí tí mo rà. Èyí tí mo fi apá rẹ wọ̀n."

"Áà, ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí máa lò ó, Bàbá. N ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá màá lè wá lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà kan ń dúró dè mí."

Delmer da ojú fóònù dé tábìlì.

"Nígbà tó o wọlé lọ́jọ́ yẹn," ló wí, "apá rẹ lo fi kóòtù kọ́."

Orlena dúró, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo rí i."

Ọdẹ ni Delmer láti kékeré. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún un ohun tó ń mú èèyàn bọ́ kóòtù nínú yìnyín pẹ̀lú ìbọn tó gùn jù. Ó ti mọ̀ kó tó gé etí bùláúsì yẹn. Orlena yí padà, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, ó ń dúró kí ọwọ́ yẹn na sí ògiri, kó yọ ìṣó, kó já aṣọ náà bọ́. Ògiri kò jìnnà. Kò ní láti dìde.

Ọwọ́ náà gbéra. Ó kọjá ògiri, ó sì ti àwo síwájú.

"Búrẹ́dì àgbàdo ṣì wà?"

Orlena gé e fún un.